Agboòrùn Onífóìlì

Kòsíbíréèkì ni àwọn òṣìṣẹ́ ibi ìfọ́kùúta ń pe ọkùnrin náà, nítorí bó ṣe máa ń da típà rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè bí ẹni tí ikú ń lé. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn, ó tiẹ̀ ní kí wọ́n fi ọ̀dà kọ ọ́ sára ọkọ̀. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé inú ilé gan-an ni kò ti sí bíréèkì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé orí ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó rẹ̀ dìde kúrò lórí tábìlì, ó ti ọwọ́ òsì obìnrin náà sábẹ́ rẹ̀, ó sì jẹ́ kí irin wúwo náà já lé e. Ìka méjì kán. Ẹ̀ṣẹ̀ tí aránṣọ yìí ṣẹ̀ ni pé ó bá fóòmànù ibi ìfọ́kùúta rán ṣòkòtò iṣẹ́, ó sì rẹ́rìn-ín nígbà tí ọkùnrin yẹn wá gbà á.

"Ọwọ́ tó wọn ìbàdí ọkùnrin ọlọ́kùnrin nìyẹn," ni Kòsíbíréèkì wí. Ó fa àga, ó jókòó, ó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ òun wá.

Obìnrin náà ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Ta ni yóò gbọ́? Inú kòtò ni ilé náà wà, òkè yí i ká, ẹ̀rọ afọ́kùúta sì ń hó láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́, débi pé bí èèyàn bá fẹ́ kí ará ilé òun gbọ́ "ẹ káàárọ̀", àfi kó fẹnu kàn án létí. Ògiri ga. Géètì irin ni, àgádágodo ẹnu rẹ̀ tó orí ọmọ tuntun, ọrùn Kòsíbíréèkì sì ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń gbé bí ìlẹ̀kẹ̀. Bó bá ti wakọ̀ jáde báyìí, á ti géètì náà pa láti ìta. Fóònù aránṣọ náà ńkọ́? Ó ti pẹ́ tí ọkọ rẹ̀ ti fi gìgísẹ̀ bàtà tẹ̀ ẹ́ fọ́.

Ẹnì kan ṣoṣo tó tún wà nínú ilé náà ni ìyá ọkọ rẹ̀, màmá arúgbó kan tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ. Òun ló fi pákó pẹlẹbẹ àti àkísà di àwọn ìka náà. Bó ti ń dì í ló ń sọ̀rọ̀.

"Ìyàwó, fara balẹ̀. Ọwọ́ ọkọ ni, kì í ṣe ọwọ́ olè. Bàbá rẹ̀ fọ́ eyín mi, mi ò kú."

"Eyín tí wọ́n fọ́ yẹn, Màmá, ṣé ó hù padà?"

Màmá fa àkísà náà le. "Kò hù. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi èyí tó kù jẹun ni."

Ó ta kókó àkísà náà, ó sì dìde.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, omi ìwẹ̀ Kòsíbíréèkì tutù. Ó di irun ìyàwó rẹ̀ mú, ó ri orí rẹ̀ bọ inú dúrọ́ọ̀mù omi tó wà lẹ́yìnkùlé, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀ títí ẹsẹ̀ obìnrin náà fi ń gbọ̀n bí ti adìyẹ tí wọ́n dú. Nígbà tó fà á sókè, tó ń pọ omi tó ń wúkọ́, ọkùnrin náà fẹnu kàn án létí, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Ohùn pẹ̀lẹ́ yẹn ló bà á lẹ́rù jù.

"Ojoojúmọ́ là ń da àkúfọ́ òkúta sínú kòtò àtijọ́ tó wà lókè yẹn. Bí mo bá jù ọ́ síbẹ̀, èmi gan-an ni n óò wa ọkọ̀ tó máa da òkúta bò ọ́. Ta ló máa wá ọ débẹ̀?"

Ó wẹ̀, ó múra, ó ti géètì, ó lọ síbi iṣẹ́.

Aránṣọ náà jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá dúrọ́ọ̀mù, aṣọ rẹ̀ rin gbingbin. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbínú. Ẹni tó ń bínú kì í ronú kan ẹni tó máa wa ọkọ̀. Ó dìde, ó gun orí pèpéle kọnkéré tí wọ́n gbé táǹkì omi lé, ó wo òkè. Láti orí pèpéle yẹn nìkan lèèyàn ti lè rí orí òpó nẹ́tíwọọ̀kì tó wà lẹ́yìn òkè. Ó yọ ṣóńṣó bí àtàǹpàkò ẹni tó ń rì sómi.

Atún-rédíò-ṣe ni bàbá tó bí obìnrin yìí, abẹ́ tábìlì iṣẹ́ bàbá náà ló sì ti kọ́ ìrìn. Bàbá a máa sọ fún un pé ohùn tó ń gba ojú sánmà kọjá dà bí òjò wẹliwẹli. Kò síbi tí kì í dé. Ṣùgbọ́n bó o bá gbé ife síta, ìsàlẹ̀ ife ò ní rin. Ọpọ́n ńlá ni kó o gbé síta, kó o wá jẹ́ kí ọpọ́n náà da gbogbo ohun tó bá gbè jọ sójú kan.

Màmá ní fóònù. Fóònù kékeré olótọ́ọ̀ṣì ni, ó fi ń ríran lọ sílé ìyàgbẹ́. Kòsíbíréèkì ò bìkítà nípa rẹ̀, nítorí kò sí nẹ́tíwọọ̀kì nínú kòtò yẹn. Bí òun náà bá fẹ́ pe èèyàn, àfi kó wakọ̀ gòkè. Lójú rẹ̀, àtùpà ni fóònù ìyá rẹ̀.

Aránṣọ náà wọ yàrá lọ bá a.

"Màmá, ìgbà wo lẹ gbọ́ ohùn ọmọ yín gbẹ̀yìn?"

Ó mọ ibi tó fọwọ́ kàn. Màmá ní ọmọbìnrin kan, àbúrò Kòsíbíréèkì, tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú mìíràn. Kò sí ọjọ́ tí arúgbó náà ò ní dárúkọ rẹ̀ lójú oorun.

"Àtìgbà tí mo ti dé inú kòtò yìí," ni Màmá wí. "Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kì í pè mọ́. Ó ní ó ti gbàgbé ilé."

"Bí mo bá ṣe ohun tí ẹ óò fi gbọ́ ohùn rẹ̀ ńkọ́?"

"Ìwọ tí o ò lè di bọ́tìnnì ara rẹ?"

"Ọwọ́ mi kan ṣì wà, Màmá. Ẹ̀yin náà sì ní méjì."

Arúgbó náà yọ ẹsẹ̀ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. "Kí la fẹ́ lò?"

Agboòrùn àtijọ́ Màmá ni wọ́n lò. Wọ́n ṣí i, wọ́n dojú inú rẹ̀ sókè bí abọ́. Fóìlì tí wọ́n fi ń wé ẹja nílé ìdáná ò tó, ni aránṣọ bá lọ tú ààtàn, ó ṣa páálí sìgá tí Kòsíbíréèkì ti jù nù, ó ń yọ bébà dídán inú wọn jáde lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Màmá ro sítáàṣì aṣọ, wọ́n sì fi ń lẹ fóìlì náà mọ́ inú agboòrùn, aránṣọ ń fi ẹ̀yìn ṣíbí nà án kó má bàa hun jọ. Fáànù kan wà tó ti kú sí ìgun yàrá; wọ́n tú wáyà bàbà inú rẹ̀, wọ́n fi so àwọn ọ̀pá irin agboòrùn pọ̀ mọ́ fóìlì. Rọ́bà ìbàdí ṣòkòtò ni wọ́n fi de fóònù mọ́ igi àárín.

"Bí ọlọ́pàá bá ká wa mọ́bí báyìí," ni Màmá wí, sítáàṣì dé ìgúnpá rẹ̀, "wọn á ní à ń rọ ọkọ̀ òfúrufú."

Ìgbà àkọ́kọ́ tí aránṣọ máa rẹ́rìn-ín látìgbà tí ìka rẹ̀ ti kán nìyẹn. Ẹ̀rín náà dùn ún dé ìka.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e gorí pèpéle, kò ṣiṣẹ́. Fóònù náà kọjú sí òpó, ó ṣe bí òkú. Aránṣọ ronú ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀. Inú ọpọ́n lomi ń dà jọ sí, kì í ṣe ẹ̀yìn ọpọ́n. Ó yí fóònù náà padà kó kọjú sí fóìlì, kó kọ ẹ̀yìn sí òpó. Ó wá ń fà á lọ sókè, ó ń fà á bọ̀ nísàlẹ̀ lára igi náà díẹ̀díẹ̀. Lójijì ìlà kan yọ lójú fóònù. Ó lọ. Ó tún yọ. Ó dúró.

Ọjọ́ ti lọ nígbà yẹn, wọ́n sì gbọ́ típà lẹ́nu géètì. Màmá sáré tú fóònù, ó fi há ìró. Kòsíbíréèkì bá agboòrùn náà lágbàlá.

"Kí nìyí?"

"Ata mi ni mo fẹ́ máa sá sínú rẹ̀," ni Màmá dáhùn láìwojú rẹ̀. "Yóò jẹ́ kí oòrùn tètè gbẹ ẹ́."

Ó fẹsẹ̀ ta á, ó rẹ́rìn-ín. "Orí yín ti ń dàrú, Màmá." Ó wọlé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ya fóìlì náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tó ti jáde, wọ́n lẹ ibi tó ya. Aránṣọ gun orí pèpéle, ó kọjú agboòrùn sí òpó. Màmá dúró tì í, ó fi ọwọ́ méjèèjì di igi náà mú. Wọ́n ṣí ohùn fóònù sókè, wọ́n fi etí tì í. Ó dún. Ó tún dún.

"Hẹ́lò? Ta nìyẹn?"

"Èmi ni," ni Màmá wí. 

"Màmá?" Ohùn náà já, ó tún padà. "Màmá, ẹ̀yin ni? Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹ ní ẹ ò fẹ́ gbọ́ ohùn mi títí ẹ ó fi wọlẹ̀! Ó ní ẹ fi mí ré! Kí ni mo ṣe yín, Màmá?"

Màmá gbàgbé, ó jọ̀wọ́ igi náà. Agboòrùn náà yí, ìlà náà lọ, ohùn náà kú. Arúgbó náà dúró, ó la ẹnu sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n da omi gbígbóná sí lára tí kò tíì mọ̀ pé ó jó òun.

"Ẹ dúró gbọin, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́. Ó ku tèmi."

Nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n aránṣọ náà wà lórí rẹ̀, kò gbàgbé rẹ̀ rí. Wẹ́dà tó ń jó irin ni ẹ̀gbọ́n náà. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò jìnnà bí kì í bá ṣe ti òkè tó wà láàárín, ṣùgbọ́n Kòsíbíréèkì ti sọ fún un tipẹ́ pé àwọn ti kó lọ sí ìlú tó jìn.

"Bọ̀ọ̀dá, èmi ni. Ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ gbọ́ mi. Ọkọ mi ti ṣẹ́ mi níka. Ó ní òun máa pa mí. Ẹ gba ọ̀nà ibi ìfọ́kùúta, ilé tó dá wà nísàlẹ̀ kòtò. Ó ti géètì pa mọ́ wa."

Ohùn irin ń dún lẹ́yìn ọkùnrin náà, ó wá dákẹ́. "Géètì irin ni?"

"Irin ni."

"Irin ni mo fi ń jẹun. Má sùn, má jókòó. Mò ń bọ̀."

Ariwo afọ́kùúta ni kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ típà. Sípíríǹgì rẹ̀ ló já lọ́nà, ni Kòsíbíréèkì bá rọra wà á padà sílé láti mú irinṣẹ́. Ó ti géètì mọ́ra rẹ̀ láti inú gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó yíjú, ó sì rí ìyàwó rẹ̀ lórí pèpéle pẹ̀lú abọ́ fàdákà kan lọ́wọ́, fóònù ń tàn láàárín rẹ̀.

Kò pariwo. Ó kàn fa obìnrin náà ní kókósẹ̀. Ẹ̀yìn ni aránṣọ fi gba kọnkéré. Kó tó mí, ọkùnrin náà ti já fóònù gbà, ó wo nọ́ńbà tó wà lójú rẹ̀, ó sì là á mọ́ ògiri. Ó gbé agboòrùn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nà án mọ́ ọn lẹ́yìn, lórí, lápá, fóìlì ń fò káàkiri bí ìpẹ́ ẹja. Ọ̀pá irin kan kán, ó sì wọ èjìká obìnrin náà. Ó ju agboòrùn náà sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú bẹ́líìtì rẹ̀.

"Fi í sílẹ̀!" Màmá ti sọ̀ kalẹ̀. Ó rọ̀ mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ọmọ rẹ̀. "Èmi ni mo fi ọmọ mi ré? Ẹnu mi lo fi sọ bẹ́ẹ̀?"

"Màmá, ẹ kúrò níbẹ̀."

"Mo ní ẹnu ta lo fi sọ ọ́?"

Ẹ̀yìn ọwọ́ ló fi gbá ìyá rẹ̀ lẹ́nu. Arúgbó náà yí lẹ́ẹ̀kan, ó fi àgbọ̀n gbá etí dúrọ́ọ̀mù, ó ṣubú. Ẹ̀jẹ̀ bo ẹnu rẹ̀. Kòsíbíréèkì wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà, ẹni tó bá rí i lè rò pé yóò kúnlẹ̀.

"Ẹ ò rí i? Ẹ ò rí ohun tí ẹ fà?" ló wí. Ó sì yí padà sí ìyàwó rẹ̀.

Ṣùgbọ́n aránṣọ ti sáré wọ yàrá iṣẹ́ rẹ̀. Bí Kòsíbíréèkì ṣe wọlé tọ̀ ọ́, sáàsì ìgéṣọ ló bá lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀.

"Tí o bá tún gbé ẹsẹ̀ kan sí i, n óò gún ọ."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, "ẹ" ló ń pè é. Ó dà bíi pé ọ̀rọ̀ náà dun ọkùnrin náà ju sáàsì lọ.

"Èmi lò ń pè ní 'o'?"

Ó fò mọ́ ọn. Sáàsì wọ itan rẹ̀ dé ibi ìdìmú. Obìnrin náà fà á yọ, ó tún fi gún un lápá, ẹ̀jẹ̀ ta sára aṣọ funfun tó wà lórí tábìlì. Kòsíbíréèkì ti di ọ̀fun rẹ̀ mú. Ó fún un. Ojú aránṣọ ń ṣókùnkùn, ó ń gbọ́ ariwo afọ́kùúta bí ẹni pé inú orí rẹ̀ ló wà, ó sì fi orúnkún ta ojú ọgbẹ́ itan náà. Ọkùnrin náà ké, ó ṣubú lulẹ̀. Aránṣọ fò ó kọjá, ó wọ́ Màmá nílẹ̀ wọ yàrá arúgbó náà, wọ́n ti bẹ́ẹ̀dì mọ́ ilẹ̀kùn.

Láti ojú fèrèsé, wọ́n rí i tó ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ síbi típà. Wọ́n rí i tó ń wọ́ ọ bọ̀. Irin tí wọ́n fi ń tú táyà ló mú wá. Ó sọ ọ́ mọ́ ilẹ̀kùn, pákó là. Ó tún sọ ọ́. Ó ń sọ ohun tó máa fi wọ́n ṣe bó bá wọlé, àwọn méjèèjì, ó ń sọ ọ́ lẹ́sẹẹsẹ, títí dé orí kòtò àtijọ́. Ihò yọ lára ilẹ̀kùn, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó ń wá kọ́kọ́rọ́ tó wà nínú. Màmá wo ọwọ́ náà. Ó rọ́ dé ibẹ̀, ó sì fi eyín tó kù bù ú jẹ. Kò tú u sílẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ń ké lódì kejì ilẹ̀kùn, ó ń pe "Màmá! Màmá!" bíi tìgbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, arúgbó náà ń sunkún, kò sì tú u sílẹ̀.

Ìgbà yẹn ni géètì wó. Wẹ́dà ti fi iná gáàsì gé gbogbo ìkọ́ tó gbé e ró. Ó gba orí géètì náà wọlé pẹ̀lú ọ̀pá irin lọ́wọ́, ó rí ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀, ó tẹ̀ lé e. Kòsíbíréèkì fa ọwọ́ rẹ̀ yọ, ó gbé irin táyà sókè. Wẹ́dà kọ́kọ́ ṣẹ́ apá yẹn. Ó wá lù ú lẹ́rẹ̀kẹ́, eyín fò. Ó lù ú ní ìhà. Nígbà tó ṣubú, ó ń lù ú nílẹ̀, bó ṣe ń lu irin ní ṣọ́ọ̀bù ló ṣe ń lù ú. Ó wá fi ẹsẹ̀ kan tẹ̀ ẹ́ láyà, ó gbé ọ̀pá náà sókè, orí ló sì ń wò.

Màmá ti ṣí ilẹ̀kùn. "Má pa á!"

"Màmá, ẹ wo ẹnu yín."

"Mo ń fi í sọ̀rọ̀, mo mọ bó ṣe rí. Má pa á. Èmi ni mo bí i."

Wẹ́dà wo àbúrò rẹ̀, kó gbọ́ ohun tó máa sọ. Aránṣọ tẹjú mọ́ ọ̀pá náà. Ká sọ òtítọ́, ó wù ú kí ọ̀pá náà sọ̀ kalẹ̀. Ó dúró, ó ń retí rẹ̀. Nígbà tó yá, wẹ́dà mí kanlẹ̀, ó ju irin náà síta, ó sì jókòó sórí àtẹ̀gùn bí ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀.

Fóòmànù àtàwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó rí èéfín gáàsì ló pe ọlọ́pàá. Wọ́n gbé Kòsíbíréèkì lọ sílé ìwòsàn pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Kò kú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí sáàsì wọ̀ ò nà mọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan sì wọ́ títí dòní. Ìka aránṣọ jinná ní wíwọ́.

Ní kọ́ọ̀tù, lọ́yà Kòsíbíréèkì sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa sáàsì, ó sì ní ìjà lọ́kọláya ni. Adájọ́ pe Màmá. Ó bi í léèrè ohun tó jẹ́ sí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn.

"Ìyá rẹ̀ ni mí. Ohun tí mo rí ni mo wá sọ."

Ó sì sọ ọ́, ti dúrọ́ọ̀mù, ti kòtò àtijọ́, ti ìka, ti ọwọ́ tó gbá òun. Kò fi nǹkan kan pa mọ́. Nígbà tí adájọ́ ka ẹ̀wọ̀n tí wọ́n dá fún un, Kòsíbíréèkì ò wo ìyàwó rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló ń wò.

Wọ́n jáde. Wẹ́dà àti ọmọbìnrin Màmá, nọ́ọ̀sì náà, ṣíwájú lọ gbé ọkọ̀ wá. Màmá sọ̀ kalẹ̀ dé ìdajì àtẹ̀gùn. Ó jókòó síbẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, ó fi gèlè bo ojú, ó ń ké bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tufọ̀ fún. Aránṣọ jókòó tì í.

"Ìyàwó, má bínú pé mò ń sunkún rẹ̀."

"Mi ò bínú. Ẹ sunkún yín, Màmá."

Kò fọwọ́ kàn án, kò sì sọ fún un pé kó dákẹ́. Ó dúró tì í títí ọkọ̀ fi dé.